Ta Ló Ń Di Kọ́kọ́rọ́ Ilé Mú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Deerfoot ní Calgary, ẹ rọra wa ọkọ̀ o, yìnyín ti sọ ojú títì di ọ̀bọ̀rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ gbé rédíò yín sún mọ́ ìdáná díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Auburn Bay, àdúgbò kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Calgary. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ rí mọ adágún omi tí àwọn kọ́lékọ́lé gbẹ́ sí àárín àdúgbò náà ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n wá to ilé yí i ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn èèyàn á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Nígbà òtútù, omi náà á dì, wọn á máa fi bàtà onírin yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ayé ló lè wọlé síbẹ̀ o. Àwọn tó ń gbé àdúgbò ló ni ín, àwọn onílé ló sì ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn South Health Campus wà ní Seton, ìtòsí ibẹ̀ gan-an, YMCA ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 náà kò sì jìnnà. Àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni, tí kálukú mọ aládùúgbò rẹ̀ nípa irú ọkọ̀ tó ń wà.

Ní irú àdúgbò báyìí, àwọn ilé kan wà tí ẹ kò lè fi ojú lásán dá mọ̀. Gáréèjì wà níwájú, ṣọ́bìrì ìkó-yìnyín fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo ilé yòókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye, ẹni tó jẹ́ pé láti kékeré ni ìwé kíkà, owó ṣíṣírò tàbí títo ètò ọjọ́ ti ń nira fún, tó sì nílò ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè máa gbé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ lọ sí àpèjọ ọmọ Yorùbá èyíkéyìí nílùú yìí, kí ẹ béèrè iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe. Ẹ ó rí olùkọ́ àná, òṣìṣẹ́ báǹkì àná, nọ́ọ̀sì tó ń dúró de ìwé ẹ̀rí, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé irú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Àwọn kan ti kúrò ní òṣìṣẹ́, wọ́n ti gba ẹnìkan sínú ilé tiwọn, ìjọba sì ń sanwó fún wọn lórí rẹ̀.

Ìbéèrè mi lálẹ́ yìí ni pé: báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìgbé-ayé ẹni náà dára? Bí mo bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa, wọn á ní ilé mọ́ tónítóní, ó ń jẹun yó, ó ń lo oògùn rẹ̀ lákòókò, ẹnikẹ́ni kì í lù ú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn náà ń rí gbogbo ìyẹn gbà. Ìbéèrè tèmi ṣókí ni: ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ ilé náà mú?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe rí, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìjọba Alberta ní ètò kan tí gbogbo wa ń pè ní PDD. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Kánádà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, tí àyẹ̀wò òye rẹ̀ kò ju 70 lọ, tí ìṣòro náà sì ti wà lára rẹ̀ kó tó pé 18, tó sì nílò ìrànlọ́wọ́ láti ṣe nǹkan ojoojúmọ́, ni wọ́n ń gbà sí i. PDD ló ń san owó òṣìṣẹ́. Ó lè san án fún ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè òṣìṣẹ́, èyí tí àwa ń pè ní ájẹ́ńsì. Ó sì lè gbé e fún ẹbí tó bá fẹ́ fúnra wọn wá òṣìṣẹ́. Àwọn kan ń gbé ilé tí òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn kan ń gbé pẹ̀lú ẹbí tó gbà wọ́n sílé. Àwọn mìíràn ní yàrá tiwọn tí wọ́n yá, òṣìṣẹ́ á kàn wá lo wákàtí mélòó kan, á sì máa lọ.

Owó oúnjẹ àti owó ilé wá láti inú AISH, ètò tí Alberta dá sílẹ̀ ní 1979. Ní 2025, dọ́là 1,901 ló ga jù tí ẹni tó ń dá gbé ń gbà lóṣù. Ẹni tó bá ti yá ilé rí ní Calgary mọ ibi tí owó yẹn máa ń parí sí. Ìjọba àpapọ̀ wá ní àwọn á fi tó dọ́là 200 kún un lóṣù láti oṣù keje ọdún yẹn. Alberta fi ọwọ́ kan gbà á, ó sì fi ọwọ́ kejì yọ iye yẹn gan-an kúrò nínú AISH. Wọ́n ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ títí. Kò tíì yé mi.

Bóyá ẹnìkan ń sọ pé, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń gbádùn ni, kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Red Deer, ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ sí àríwá ìlú wa. Ibẹ̀ ni Alberta ṣí ilé ńlá kan sí ní 1923, tí wọ́n pè ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí òye rẹ̀ bá lọ́ra, ibẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ, ọ̀pọ̀ ló sì darúgbó síbẹ̀. Nígbà tó kún jù, èèyàn tó lé ní 2,000 ló ń gbé ibẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì tò tẹ̀léra wọn nínú gbọ̀ngàn bíi ti bárékè. Láti 1928 títí di 1972, òfin kan wà ní Alberta tó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kan lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí wọ́n bá kà sí aláìlóye, kó má baà bímọ láéláé. Wọ́n ṣe é fún èèyàn tó lé ní 2,800.

Ọ̀kan nínú wọn ni Leilani Muir. Ní 1955 ni ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní Red Deer. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1959, wọ́n sọ fún un pé ìfun kékeré kan ni àwọn fẹ́ gé kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n dí ọ̀nà ìbímọ rẹ̀ pa. Ó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ, ó ń retí ọmọ, ọmọ kò dé, kó tó di pé dókítà sọ ohun tí wọ́n ti ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n sì tún òye rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1996. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó tó lé ní dọ́là 740,000 fún un. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ mi, ẹ mọ̀ pé kò sí iye tó lè ra ohun tí wọ́n gbà yẹn padà.

Ohun tó wà ní ìdí gbogbo rẹ̀ ni pé ẹnìkan jókòó síbì kan, ó ṣe ìpinnu lórí ara ẹlòmíràn, kò sì bi í. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọ́n fárí lẹ́yìn olórí ní Red Deer fún ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Wọ́n yí orúkọ ilé náà padà sí Michener Centre nígbà tó yá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ilé gidi láàárín ìlú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò lọ tààrà o. Ní 2013, ìjọba Alberta tí Alison Redford ń darí kéde pé àwọn á kó àwọn tó ṣẹ́kù kúrò. Àwọn ẹbí wọn ló kọ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà ni àwọn èèyàn yìí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ní ilé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lo ìyókù ayé wọn níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, Jim Prentice, tó di olórí ìjọba Alberta lẹ́yìn ìgbà Redford, yí ìpinnu náà padà. Àwọn kan bínú sí i. Wọ́n ní ibi ìtìjú ni, kí wọ́n tì í pa. Èmi rò pé àwọn méjèèjì gbàgbé ìbéèrè kan náà. Ìjọba kò bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó tó ní kí wọ́n máa lọ, ohùn ẹbí la sì gbọ́ jù nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dúró.

Wàyí o, kí ni ìgbé-ayé tó dára? Ará Sweden kan, Bengt Nirje, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1969 lọ́nà tí ọmọdé fi lè lóye. Ó ní kí ọjọ́ ẹni náà rí bí ọjọ́ tàwọn ẹlòmíràn ṣe ń rí: kó jí, kó wọṣọ, kó jáde nílé lọ síbì kan, kó padà wálé. Kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Kí ọdún rẹ̀ ní àjọ̀dún àti ìrìn-àjò. Kó má jẹ́ pé aago méje alẹ́ ni wọ́n ń darí àgbàlagbà lọ sùn nítorí pé òṣìṣẹ́ fẹ́ pààrọ̀ ní aago mẹ́jọ. Wolf Wolfensberger mú èrò náà wá sí Toronto, ó sì fi ṣe ìwé ní 1972, ọdún kan náà tí Alberta fagi lé òfin burúkú yẹn. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wa níbi iṣẹ́ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí kọ̀ǹpútà, ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá kíákíá ká lè dé ibi ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo òwúrọ̀ kan. Ọkùnrin kan wà, ẹni ọdún méjìlélógójì. Aago méje, òṣìṣẹ́ tuntun dé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ó wọ yàrá ọkùnrin náà, ó tan iná. Aṣọ tí yóò wọ̀ ti wà lórí àga láti àná, ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ló yàn án. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọṣọ fún un. Òótì ti wà lórí tábìlì, ṣúgà ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀ tó ní ihò kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó gbé e mì. Wọ́n gbé e jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Òṣìṣẹ́ ló mú rìmóòtù lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, òṣìṣẹ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó kọ ọ́ pé ó jẹun, ó lo oògùn, inú rẹ̀ dùn, kò sí wàhálà.

Ẹ wo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kò sí wàhálà. Mélòó nínú wa ni kò tíì kọ ọ́ rí? Ẹlẹ́wọ̀n náà máa ń lo ọjọ́ tí kò sí wàhálà. Bí ẹ bá ka ìwé náà láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, ẹ ò ní rí ibì kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ti fẹ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká tún òwúrọ̀ kan náà rò. Òṣìṣẹ́ tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó dúró nínú òtútù díẹ̀. Ọkùnrin náà ló wá ṣílẹ̀kùn. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì sókè, kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kì í lè sọ̀rọ̀ geere, àmọ́ ojú rẹ̀ lọ sára èyí tó pupa. Ó da òótì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlàjì dà sórí tábìlì, wọ́n jọ nù ún. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí, ogójì ìṣẹ́jú ni ó gbà. Ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an nìyẹn: ká dúró kí ẹlòmíràn lọ́ra ṣe nǹkan tirẹ̀, nígbà tí ọwọ́ wa ń yún wa láti bá a ṣe é. Ìwé tó sì yẹ kí wọ́n kọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni pé, ó yan ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ó kọ̀ láti wo tẹlifíṣọ̀n, ó fẹ́ jáde.

Àwa Yorùbá wá ní ìṣòro tiwa nínú iṣẹ́ yìí, inú rere wa ló sì ti wá. A mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wa bí a ṣe ń wẹ àgbàlagbà láìkanra, tàbí bí a ṣe ń jókòó ti aláìsàn lóru. Àwọn àgbà wa sọ pé Ọbàtálá ló mọ irú àwọn ẹ̀dá báyìí, ẹni òrìṣà ni wọ́n, èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni òrìṣà náà, ǹjẹ́ ẹnìkan bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ? Ọmọ la sọ ọ́ dà. Ọkùnrin tí irun funfun ti yọ lágbárí rẹ̀, a ó máa pè é ní ọmọ yìí. A ó máa gba orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bá ẹlòmíràn, bí ẹni pé àga ni.

Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Ẹni tó gba èèyàn sílé yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lè fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan. Ó mú un dání. Ìsìn wákàtí mẹ́ta, ìlù ń dún, gbohùngbohùn ń ké, ọkùnrin náà fi ọwọ́ di etí. Wọ́n ní ẹ̀mí ń bá a jà. Ẹ̀yin ará, ariwo ló ń bá a jà. Bóyá Kátólíìkì ni ìyá tó bí i. Bóyá Mùsùlùmí ni. Bóyá kò fẹ́ lọ ibì kankan ju kó jókòó wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín lọ. Bí ó bá fẹ́ lọ, tó fẹ́ràn orin wa, tó ń jó, ẹ jẹ́ kó jó o, inú mi á dùn. Ẹ ṣáà bi í ná. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà rí bákan náà. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń jẹ ọ̀dùnkún àti bọ́tà fún ogójì ọdún kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ata rodo nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e wá.

Kì í sì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni mo ń sọ, òfin wà níbẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹwàá 2009 ni òfin Alberta lórí ìdáàbòbò àgbàlagbà ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí a gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fúnra rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é. Ó ní àìlèsọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí àìlóye. Bí ẹnìkan bá ń fi ojú sọ̀rọ̀, tàbí ó ń fi ọwọ́, tàbí ó ń fi àwòrán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni ibi ewu. Ẹnìkan ní òun fẹ́ lọ yọ̀ lórí adágún. Òṣìṣẹ́ ronú: bó bá ṣubú ńkọ́? Bó bá dá apá? Ta ni wọ́n máa bi? Ó sọ pé rárá, òtútù pọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, òtútù pọ̀. Lọ́dún kejì, òtútù ṣì pọ̀. Robert Perske, ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé ní 1972 pé iyì wà nínú kí a jẹ́ kí èèyàn gbé ìgbésẹ̀ tó léwu díẹ̀, nítorí ẹni tí a kò jẹ́ kó ṣubú rí kò rìn rí. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ mo fi ààlà sí i. Ẹni tí gìrì máa ń mú kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú omi, ì báà jẹ́ ti adágún, ì báà jẹ́ ti balùwẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ ń pa èèyàn kò gbọ́dọ̀ dá kọjá ọ̀nà 52 Street. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni kó wá bí nǹkan ṣe lè ṣeé ṣe, kó wá akoto, kó wá bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n sì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí èrò kò pọ̀. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn, kó tiẹ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ ọkùnrin náà wà lára àwọn tí ilé yẹn kọ sílẹ̀ pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí adágún. Aládùúgbò ni òun náà. Bí orúkọ àwọn ọmọ onílé bá wà níbẹ̀, tí tirẹ̀ kò sí, ẹ ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ tí mo bi yín lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí àwọn ájẹ́ńsì ní ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Alberta, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ ACDS ló ń ṣàyẹ̀wò wọn, orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n ni Creating Excellence Together. Àyẹ̀wò náà wúlò, kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Winterbourne View, ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba mọ̀ nípa ilé ìwòsàn yẹn, ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, owó ńlá ni wọ́n sì ń san lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Ní 2011, oníròyìn BBC kan fi kámẹ́rà bòńkẹ́lẹ́ wọ ibẹ̀ bí òṣìṣẹ́, gbogbo ayé sì rí bí wọ́n ṣe ń gbá àwọn aláìlágbára mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní 2012, òṣìṣẹ́ 11 ni ilé ẹjọ́ fìyà jẹ, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n. Kì í ṣe pé ìwé kò sí níbẹ̀. Ojú àlejò ni kò tó ibẹ̀. Ibi tí ẹbí kì í yà sí, tí aládùúgbò kì í kanlẹ̀kùn, tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò ní ọ̀rẹ́ kankan tí wọn kì í sanwó fún, ibẹ̀ ni ìwà burúkú ti ń rọ́nà gbà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yìí dùn mí. Ẹ ka àwọn èèyàn tó wà láyé ẹnìkan tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ yọ àwọn tó ń gbowó kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá arúgbó kan ló kù, tàbí àbúrò tó wà ní Saskatoon. Àwọn tó ń gbowó pàápàá kì í pẹ́. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, nítorí náà òṣìṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbì kan á tún wá ṣe òru níbòmíràn, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Bó bá rí èyí tó fi dọ́là kan lé e, ó ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ ronú bí yóò ṣe rí kí ọwọ́ àjèjì tuntun máa wẹ̀ yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó dúró fún ọdún márùn-ún, tó mọ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá ń fa etí òsì, eyín ló ń dùn ún, ó níye lórí ju ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá lọ. Kò sì sí ibì kan nínú owó oṣù rẹ̀ tí ìyẹn ti hàn.

Mo fẹ́ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé tiwọn sọ̀rọ̀ kí n tó kúrò. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ báyìí, a kì í sọ ọ́ síta. Ẹ̀rù kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: òfin ìwọlé Kánádà lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ odidi ẹbí bí wọ́n bá ní ọmọ wọn yóò ná ìjọba lówó jù. Ní oṣù kẹfà 2018, wọ́n yí i padà. Wọ́n gbé iye tí wọ́n ń pè ní àpọ̀jù náà ga sí ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì yọ owó ẹ̀kọ́ àkànṣe àti ti ìrànlọ́wọ́ nínú ilé kúrò nínú ìṣírò. Ẹni tó ṣì ń fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ nítorí òfin yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè tó ń bọ́ lẹ́nu àwọn òbí ni pé, bí mo bá kú ńkọ́? Ní ilé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ń fà á lé lọ́wọ́, ìrètí wa sì ni pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò ní ṣọ́ ọ bí olè. Níbí, àkáǹtì kan wà tí wọ́n ń pè ní RDSP, láti 2008. Bí ẹbí bá fi owó sí i, ìjọba àpapọ̀ lè fi tó dọ́là 3,500 kún un lọ́dún. Bí owó tó ń wọlé kò bá pọ̀, ìjọba lè fi tó 1,000 sí i lọ́dún láìjẹ́ pé ẹbí fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. AISH kì í ka owó náà mọ́ ẹni náà lọ́rùn. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀dínwó owó orí ti aláìlera, nítorí wọn kì í ṣí àkáǹtì yìí láìsí i. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láàárín wa kò ṣe pọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà.

Èyí tó kẹ́yìn: ní ọjọ́ tí ọmọ bá pé 18, òbí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́ lábẹ́ òfin, bó ti wù kí òye rẹ̀ kéré tó. Dókítà lè kọ̀ láti bá yín sọ̀rọ̀. Báǹkì náà lè kọ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìbí náà kí ẹ tó kọ̀wé sí PDD àti AISH. Tó bá sì kan ọ̀rọ̀ àṣẹ, òfin 2009 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ sí, pé òun fẹ́ kí ẹni báyìí bá òun jókòó nígbà tí òun bá ń pinnu; kò kan ilé ẹjọ́ rárá. Èkejì, ilé ẹjọ́ ló ń fàṣẹ sí i, ẹ̀yin àti òun á sì jọ máa pinnu. Ẹ̀kẹta ni alágbàtọ́, tó ń pinnu dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò lọ sí ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan náà nítorí ẹ̀rù. Ọ́fíìsì Public Guardian and Trustee ló ń mójú tó ètò náà, wọ́n sì máa ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wà níbẹ̀, kí ẹ ṣí ohùn fóònù síta, kí òun náà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.